Ṣé Ó Hù Ni Àbí Wọ́n Gbìn Ín?

Bàbá onílé wa ní Ìgàndò kì í jẹ́ kí ayálégbé gbin ohunkóhun sílẹ̀ rẹ̀. Kí èèyàn tó kẹ́rù wọlé ló ti máa ń sọ ọ́: ẹ lè sáṣọ, ẹ lè dáná lẹ́yìn ilé, ẹ lè sin adìẹ bí ẹ bá máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ gbin nǹkan. Ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí. Bàbá rẹ̀ ló yá àlejò kan nílẹ̀ oko lápá Ayọ̀bọ̀, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Àlejò náà gbin ẹ̀gẹ́, ẹnikẹ́ni ò bá a wí, torí ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbin obì. Nígbà tí obì so, tó tún so, àwọn ọmọ àlejò ní ilẹ̀ ti di tàwọn, pé ta ló ń gbin obì sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀? Bàbá onílé kò gbàgbé ẹjọ́ yẹn títí di òní. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti gbin nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni mo ń gbé nínú ilé náà, nínú yàrá kan àti pálọ̀. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ni mo ń wá. Ìmọ̀ nípa ewéko ni mo kọ́. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí èyí ṣe rí lára mi, nítorí bí mo bá kàn sọ pé ẹ̀rù ń bà mí nígbà yẹn, ẹ lè rò pé ẹnì kan ń lépa mi ni. Kò sẹ́ni tó ń lépa mi. Ó kàn ń ṣe mí bí ẹni tó gbé àwo tánganran onílé lọ́wọ́, tí kò rí ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí, tí gbogbo èèyàn sì ń kọjá lára rẹ̀. Mo ń jẹun ẹ̀gbọ́n mi, mo ń sùn sórí àga gbọọrọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwé tí mo sì kà kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé ń pè mí ní Dókítà Ewé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo máa ń ronú lé e lórí lẹ́yìn náà, mo máa ń wò ó bóyá ẹ̀sín ni tàbí ìfẹ́. N kò tíì mọ̀ títí dòní. Bóyá méjèèjì ni.

Àárọ̀ Sátidé sánítéṣọ̀n kan lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Sátidé tí mọ́tò kì í rìn, tí gbogbo ilé ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń wa ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Kànga wa wà láàárín àgbàlá. Ríǹgì kọnkéré tí wọ́n fi mọ ẹnu rẹ̀ ga dé orúnkún èèyàn, omi sì máa ń dà sídìí rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tútù kan ti bo ìdí ríǹgì náà, ó kúrú, ó ki, ó rọ̀ bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó tẹ̀ lé etí gọ́tà lọ títí dé ẹ̀yìnkùlé Tíṣà.

Tíṣà ni obìnrin tó ń gbé yàrá tó kángun sí kànga. Ará Èkìtì ni, ó ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ló fi máa ń lọ. Àkúrẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wá. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó fẹ́ràn òdòdó. Ó kó agolo ọ̀dà àtijọ́ jọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí wọn, ó gbin òdòdó sínú wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ kó wọn dé, òun àti Bàbá onílé ti fa ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó fi borí ni pé agolo kì í ṣe ilẹ̀. Bàbá onílé ro ó títí, ó ní lóòótọ́, agolo kì í ṣe ilẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, Bàbá onílé ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ yẹ gọ́tà wò, ó sì dúró sídìí kànga.

"Tíṣà," ó pè, "wá wo nǹkan."

Tíṣà jáde, ó fọwọ́ ti ìbàdí. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Kí nìyí?"

"Ọbẹ̀dò ni, Bàbá. Ibi tí omi bá ti ń dà, ọbẹ̀dò ò ní í ṣàì sí níbẹ̀."

"Ọbẹ̀dò." Ó na ọ̀pá sínú ọ̀kan nínú àwọn agolo. Ohun tútù kan náà wà níbẹ̀, ó yí ìdí òdòdó ká. "Èyí ńkọ́? Ọbẹ̀dò lòun náà?"

Tíṣà tẹ̀ ba díẹ̀, ó wò ó. "Ó jọ ọ́."

"Kò jọ ọ́. Òun ni. Ohun tó wà nínú agolo rẹ ti dé ìdí kànga mi, ó ń bọ̀ wá bá mi nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́: ṣé ó hù ni àbí wọ́n gbìn ín? Bó bá jẹ́ pé ó hù ni, Ọlọ́run ló mú un hù. Bó bá jẹ́ pé o gbìn ín, kó o wá yàrá síbòmíì kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí."

"Bàbá, ta ló máa gbin ọbẹ̀dò?"

"Ohun tí mo ń bèèrè náà nìyẹn."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń wa ẹrẹ̀ lápá kejì. Ó gbé orí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ní dókítà ewé nínú ilé, Tíṣà lẹ wá ń bi."

Kò ní ibi lọ́kàn. Ó ń dá àpárá ni, kí ọ̀rọ̀ lè tutù. Ṣùgbọ́n Bàbá onílé yíjú sí mi, gbogbo àgbàlá sì yíjú sí mi pẹ̀lú rẹ̀, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ ni wọ́n ní o kàwé ewé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí nìyí?"

Mo kúnlẹ̀ sídìí kànga, mo wò ó. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe Tíṣà, kì í sì í ṣe kànga. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ní ohun tí mo kọ́. Ayọ̀ kan bù sí mi láyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wá. Lójú lásán, ọbẹ̀dò ni mo rí. Ọbẹ̀dò náà ló sì wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó dá, omi jáde lára igi rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ gbúre. Ọbẹ̀dò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Di ìgbà wo?"

"Di Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ewé tó kéré tó báyìí? Ṣé ó fẹ́ gba físà ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní awò kékeré kan tí mo ti ń lò láti yunifásítì, irú èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí wọ́n máa ń ká pọ̀ bí ọ̀bẹ kékeré. Mo já díẹ̀ lára ohun náà, mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dá ọbẹ̀dò mọ̀ sí ewéko tó ń tanná, nítorí gbogbo wàhálà mi orí ìyẹn ló dúró lé. Àwọn ohun tí à ń pè ní ọbẹ̀dò tó ń hù lára ògiri kì í ní òdòdó, wọn kì í so èso, wọn kì í ní irúgbìn. Ohun tó ń mú wọn pọ̀ dà bí eruku, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, ó wà níbi gbogbo. Bí ọbẹ̀dò bá bo ẹnu kànga rẹ, kò sẹ́ni tó o lè dá lẹ́bi, àfi òjò. Ṣùgbọ́n ewéko tó ń tanná ní irúgbìn, irúgbìn sì ní ibi tó ti wá. Ẹnì kan lè bèèrè pé níbo.

Mo fẹ́ kó jẹ́ ọbẹ̀dò. Mo gbé awò sójú, mo ń wá ohun tí yóò jẹ́ kó jẹ́ ọbẹ̀dò. Ewé rẹ̀ ò tó orí abẹ́rẹ́. Wọ́n hù ní méjì-méjì, wọ́n kọjú síra wọn, ṣùgbọ́n nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà funfun tín-ín-rín wà lójú ewé. Mo yí i, mo wo abẹ́ ibi tí ewé ti so mọ́ igi. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn. Wọ́n ṣù jọ, wọ́n pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré ju hóró iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n òdòdó ni. Mo gbé awò kúrò lójú, mo tún gbé e padà. Òdòdó náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Tíṣà wá bá mi ní pálọ̀. Kò jókòó.

"Ó ti já sí kí ni?"

"Ó ní òdòdó, Àǹtí."

"Kí nìyẹn wá túmọ̀ sí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dà mí láàmú, ńṣe ni mo máa ń sọ̀rọ̀ títí ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò fi gbàgbé ohun tó bèèrè. Mo sọ nípa ọbẹ̀dò, nípa eruku, nípa irúgbìn. Ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe máa ń tẹ́tí sí ọmọ iléèwé tó ń wá àwáwí.

"Ṣé o mọ̀ pé mi ò gbìn ín?"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Ṣáà sọ pé ọbẹ̀dò ni."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀dò."

"Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló tún ní awò yẹn ní gbogbo Ìgàndò?" Kò gbé ohùn sókè. "Wò mí bí mo ṣe rí. Ṣé ìgbà tí ikùn mi wà báyìí ni màá máa wá yàrá kiri Ìkòtún? Gbogbo ayé ló ń pe nǹkan yẹn ní ọbẹ̀dò. Ìwọ náà, kó o tó lọ yunifásítì, kí lò ń pè é?"

Ọbẹ̀dò ni mo ń pè é. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní "Ẹ̀hẹ́n," ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó tọ̀nà, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Nínú èdè wa, ohun tútù tó bá ń yọ̀ lẹ́bàá omi ni ọbẹ̀dò, kò sí ẹni tó ní kí o kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní òdòdó. Bí mo bá wí bẹ́ẹ̀, mi ò parọ́ ní ti èdè. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ohun tí Bàbá onílé ń bèèrè kọ́ nìyẹn. Ó bi mí torí pé mo kàwé. Bí mo bá fi ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ dá a lóhùn, kí ni mo wá lọ ṣe ní yunifásítì? Mo mọ̀ pé ìgbéraga díẹ̀ wà nínú èrò yìí. Mo gbìyànjú láti ya ìgbéraga yẹn kúrò lára òtítọ́, kí n lè mọ èyí tó ń darí mi, n kò rí i yà.

Láàárín ọ̀sẹ̀, mo gbé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí yunifásítì tí mo ti jáde. Mo tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn kí ó má bàa rún. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sí, wọ́n á lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ pákó ìwé funfun, wọ́n á kó wọn sínú àpótí irin. Bí a ṣe ń mọ ewéko tí a kò mọ̀ ni pé a ó máa bi í ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì, bí ìgbà tí èèyàn dé oríta. Ṣé ewé rẹ̀ kọjú síra àbí ó tẹ̀ léra? Ṣé akọ àti abo òdòdó rẹ̀ wà papọ̀ àbí wọ́n ya ara wọn? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á mú ẹ gba ọ̀nà kan, títí ọ̀nà yóò fi tán. Ọ̀nà tèmi mú mi dé ọ̀dọ̀ ìdílé èsìsì, èsìsì kan náà tó ń jóni lára nínú oko. Èyí kì í jóni ní tiẹ̀. Nínú ìdílé yẹn, ìran kan wà tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Pilea. Inú ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí fìlà ni wọ́n ti mú orúkọ náà jáde, nítorí pé ohun kan dé irúgbìn rẹ̀ lórí bíi fìlà. Mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti gbẹ nínú àpótí. Ewé ńlá, ewé kékeré, ìlà funfun. Kò sí ìyàtọ̀.

Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, mi ò lè sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà, tó ti kọ́ mi rí, wá wò ó láti ẹ̀yìn mi.

"Àṣé èyí lo mú wá," ó wí. "Kì í ṣe ará ibí. Òkè òkun ló ti wá. Ìkòkò òdòdó ló máa ń bá wọlé."

"Inú ìkòkò òdòdó, Mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á lọ ra òdòdó, òun á ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Bó bá gbẹ díẹ̀, ta omi sí i nínú oòrùn, kó o wò ó. Ó máa ń yìnbọn."

Ó tún ṣàlàyé bí ó ṣe ń yìn ín. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkòkò òdòdó ló gba gbogbo ọkàn mi. Ohun tí mo bá sọ lójú Bàbá onílé báyìí, ńṣe ni yóò fi ọwọ́ tọ́ka sí agolo Tíṣà. Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n dáadáa sí i bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń burú sí i fún un. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń bọ̀ wálé, mo ń gbàdúrà pé kí Bàbá onílé ti gbàgbé.

Kò gbàgbé. Ní Sunday, bí a ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti jókòó sí fàràǹdà rẹ̀, ó ti dé fìlà, ó sì ti ní kí wọ́n gbé àga fún Tíṣà nítorí ikùn rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́yìn díẹ̀ kí a tó débẹ̀. Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ.

"Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀, ẹ gbọ́. Ohun tí wọ́n bá bi yín ni kẹ́ ẹ dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́."

Mo ní mo gbọ́.

"Dókítà Ewé," Bàbá onílé wí, "kí ni nǹkan náà?"

Tíṣà ń wò mí. Ojú rẹ̀ kò bẹ̀ mí, ó kàn ń wò mí ni.

"Kì í ṣe ọbẹ̀dò, Bàbá."

Tíṣà wolẹ̀.

Níbẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i tó wolẹ̀, mo fẹ́ tún un ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ewéko tó ń tanná ni. Mo ní kò léwu, kò ní májèlé, kò lè ba omi jẹ́, kò sì lè la kọnkéré. Mo ní orúkọ rẹ̀ wá láti ara fìlà. Bàbá onílé fọwọ́ kan fìlà orí rẹ̀. Mo wá ní, kó lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa, pé ẹbí èsìsì ni.

"Ẹbí kí ni?"

"Èsìsì, Bàbá. Ṣùgbọ́n kì í jó..."

"Ẹbí èsìsì." Ó yíjú sí Tíṣà. "Ẹbí èsìsì lo gbé wá sídìí kànga mi. Wọ́n wá mumi ni, àbí wọ́n wá jogún?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo gbàgbé pé ẹbí tí à ń sọ níléèwé kì í ṣe ẹbí tí Bàbá onílé mọ̀. Fún un, ẹbí ni àwọn tó máa ń wá lẹ́yìn ìsìnkú láti pín ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ti parí," ó wí. "Ohun tó ní irúgbìn kì í ṣàdédé wà. Wọ́n gbìn ín."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo wí. "Ẹ wá wò ó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó."

N kò mọ ìdí tó fi dìde. Bóyá torí pé mo fẹ́ sunkún ni. Ó tẹ̀ lé mi lọ sídìí kànga, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Oòrùn ti mú, ojú ohun tútù náà ti gbẹ. Mo bu omi sínú ife, mo fi ìka ta á sí i. Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Mo tún ta á. Mo ń rò ó lọ́kàn pé kí ni màá ṣe bí kò bá yìn ín, bóyá èyí tó wà nínú àpótí irin nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá kò tíì gbó, bóyá mo ti ṣi í mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ti lé aboyún jáde nílé lórí ohun tí n kò mọ̀.

Ni nǹkan kan bá tú pù. Ó dà bí èéfín, ó kéré ju èéfín àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà méjì, mẹ́ta, níhìn-ín, lọ́hùn-ún.

Bàbá onílé tẹ̀ ba. Ó fọwọ́ di fìlà mú kó má jábọ́. "Ó ń yìnbọn," ó wí jẹ́ẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Irúgbìn rẹ̀ ló ń yìn yẹn?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Tíṣà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Rárá, Bàbá. Lẹ́búlẹ́bú inú akọ òdòdó nìyí. Irúgbìn rẹ̀ kì í tú bí èéfín, ó sì kéré débi pé ojú kì í tètè rí i. Ṣùgbọ́n abo òdòdó náà máa ń ta irúgbìn nù fúnra rẹ̀, bí irú èyí."

"Fúnra rẹ̀."

"Fúnra rẹ̀. Kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín."

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú agolo Àǹtí ló ti kọ́kọ́ wá, inú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ta òdòdó fún wọn. Ṣùgbọ́n Àǹtí ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òun ló ta ara rẹ̀ síta."

Mo gbọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Àmọ́ mo ti sọ ọ́. Bàbá onílé ta omi sí i fúnra rẹ̀, ó wo bó ṣe ń tú èéfín, ó tún ta á. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bí èso bá já láti orí igi aládùúgbò," ó wí, "tó yí wọ inú oko mi, tó hù, ta ló ni igi tó hù?"

Tíṣà ló dáhùn. "Ẹni tó nilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹni tó nilẹ̀ ni. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn. Ohun tó wà nínú agolo, ti Tíṣà ni. Ohun tó hù sílẹ̀ mi, èmi ni mo ni ín. Tíṣà ò gbìn, kò sì gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni." Ó nàró. "Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan tèmi."

"Bàbá," ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí, "ṣé a ò ní í fọ ìdí kànga mọ́ ni? Ó ń yọ̀ o."

"Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ fa omi, kó rọra gbẹ́sẹ̀."

Bí ó ṣe di ohun ìní Bàbá onílé nìyẹn. Bí àlejò bá wá, ó máa ń mú wọn lọ síbẹ̀, ó máa ń ta omi sí i, ó máa ń sọ fún wọn pé fìlà lorúkọ rẹ̀. N kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un.

Tíṣà kò kó lọ. Ní ìparí oṣù, ọkọ rẹ̀ dé láti Àkúrẹ́, ó sì ra búlọ́ọ̀kù, ó to àwọn agolo sórí wọn kí ìdí wọn má bàa kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí mo bá kí i, ó ń dáhùn, ẹnu nìkan ló fi ń dáhùn. Mo máa ń tún ìkíni náà rò lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń wọn gàrí tí kò dá a lójú pé ó kún. Mo sọ fún ara mi pé a ṣáà ti ṣe é yọrí, pé ó wà nínú yàrá rẹ̀. Mo tún ń dá ara mi lóhùn pé kì í ṣe èmi ló mú un dúró síbẹ̀. Òdòdó tó yìnbọn ni, àti àṣà ilẹ̀ tí Bàbá onílé rántí. Tí oòrùn kò bá mú lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́nu kànga. Ó ti fa omi kún korobá, ó dúró, ó ń sinmi, ó ń wo ìdí ríǹgì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa yọ̀. N kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

Ó wò mí. Ó tún wo korobá náà.

"Inú bí mi," ó wí. "Ó ṣì ń bí mi díẹ̀. Gbé omi yẹn bá mi wọlé."

Mo gbé e. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì rọra ń gbé ẹsẹ̀.